Abẹ́rẹ́ Ìdàgbàsókè àti Ẹyin tí a ń Mú Gbó Nínú Àwo: Ẹ̀kọ́ fún Tọkọtaya tí Ń Wá Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ́ èyí tí à ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ nínú yàrá, tí a kì í fẹ́ kí ará ìta gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó pẹ́ dé ni. Àwa Yorùbá ka ọmọ sí púpọ̀; nítorí náà, bí ọdún bá ń gorí ọdún tí a kò gbọ́ igbe ọmọ nínú ilé, ọkàn tọkọtaya kì í balẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun mọ oògùn rẹ̀, wọn a fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ọkùnrin kan ń ta aṣọ ní ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ olùkọ́ tí a bí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti di ọdún 6 tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, wọn kò rí oyún. Ọ̀rẹ́ kan wá sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ kan wà tí ń jẹ́ abẹ́rẹ́ ìdàgbàsókè, pé bí obìnrin bá ti gbà á, ẹyin inú rẹ̀ yóò dàgbà dandan. Ó tún ní àwọn dókítà ti ń mú ẹyin obìnrin gbó nínú àwo báyìí. Ọkọ gbọ́ ọ, ó sì ń rò ó láti ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ṣé kí ó tà á ni, àbí kí ó má tà á? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ.

BÍ ẸYIN ṢE Ń GBÓ NÍNÚ ARA

Ilé ẹyin méjì ni obìnrin ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Gbogbo ẹyin tí yóò lò láyé ni ó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí i. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú oyún oṣù 5, wọ́n tó mílíọ̀nù 6 tàbí 7. Nígbà tí a bá fi bí i, wọ́n ti dín kù sí mílíọ̀nù 1 tàbí 2. Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù, èyí tí ó kù jẹ́ nǹkan bí 300,000 sí 400,000. Nínú gbogbo wọn, bí 400 péré ni yóò gbó tí yóò sì jáde kí nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró. Àwọn ìyókù a máa kú díẹ̀díẹ̀, yálà obìnrin náà lóyún tàbí kò lóyún. Èyí ni ó mú kí ọjọ́ orí obìnrin ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí.

Inú àpò omi kékeré ni ẹyin kọ̀ọ̀kan wà. Lóṣooṣù, àpò mélòó kan a bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni ó sábà máa ń ṣáájú àwọn yòókù. Bí àpò yìí bá ti tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2, ara yóò rán iṣẹ́ sí i pé àkókò tó. Ẹyin inú rẹ̀ yóò wá parí gbígbó rẹ̀, yóò sì jáde lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 36.

Kí ni gbígbó yìí? Ẹ rántí pé ìdajì ogún ọmọ ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì sì ti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹyin tí kò tíì gbó ṣì di ogún méjèèjì mú. Bí ó bá ń gbó, yóò ju apá kan dànù kí àyè lè wà fún ti bàbá. Àtọ̀ kò lè fi ẹyin tí kò gbó ṣe oyún tí ó dára. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ gbígbó ẹyin fi gba àwọn dókítà lọ́kàn.

KÍ NI HỌ́MỌ́ÒNÙ ÌDÀGBÀSÓKÈ?

Họ́mọ́ònù ni iṣẹ́ tí apá kan nínú ara ń rán sí apá mìíràn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà lọ, bí ìgbà tí a fi lẹ́tà rán awakọ̀ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kókó kan wà lábẹ́ ọpọlọ wa tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ń jí ilé ẹyin ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni họ́mọ́ònù ìdàgbàsókè ti ń wá. Òun ni ó ń mú kí eegun ọmọdé gùn. Bí ènìyàn bá dàgbà tán, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí, nítorí ó ń ran ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara lọ́wọ́, ilé ẹyin sì wà nínú wọn.

Láyé àtijọ́, láti ara òkú ni a ti ń yọ họ́mọ́ònù yìí fún àwọn ọmọ tí kò ga. Ní 1985, a rí i pé àwọn kan nínú àwọn tí ó gbà á ní àìsàn ọpọlọ tí ń pani. Wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Láti ọdún yẹn ni a ti ń lo èyí tí a ṣe ní ilé iṣẹ́ oògùn, tí kò ti ara òkú wá.

Ní 1988, Dókítà Roy Homburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé bí a bá fi họ́mọ́ònù ìdàgbàsókè kún abẹ́rẹ́ tí ń jí ẹyin, ilé ẹyin a máa tètè dáhùn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń dán an wò, pàápàá fún àwọn obìnrin tí ilé ẹyin wọn kì í mú ẹyin púpọ̀ wá bí a tilẹ̀ gún wọn ní abẹ́rẹ́.

Àbọ̀ ńkọ́? Ní Ọsirélíà àti New Zealand, wọ́n dán an wò lára obìnrin 130 tí ilé ẹyin wọn kò lágbára, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. A fún àwọn kan ní họ́mọ́ònù náà, a fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ èyí tí òun gbà. Nínú àwọn tí ó gba họ́mọ́ònù, nǹkan bí 15 nínú 100 ni ó bímọ. Nínú àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ lásán, nǹkan bí 14 nínú 100. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Lóòótọ́, àwọn olùwádìí náà kò rí iye obìnrin tí wọ́n fẹ́, nítorí náà àríyànjiyàn kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ESHRE, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọmọ bíbí ní Yúróòpù, kò dámọ̀ràn rẹ̀ fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìlànà rẹ̀ ti 2019.

Àgbẹ̀ mọ̀ pé ajílẹ̀ a máa ran iṣu lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ajílẹ̀ kì í hu iṣu níbi tí a kò gbin ebu sí. Bẹ́ẹ̀ ni họ́mọ́ònù yìí rí. Kò lè dá ẹyin tuntun sílẹ̀, kò lè dá ọjọ́ orí padà, kò sì lè la ojú ọ̀nà ẹyin tí ó ti dí. Bí a bá sì ṣì í lò, ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wú, kí oríkèé sì máa dunni. Ẹni tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Inú ẹ̀rọ amóhuntutù ni a sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Èyí tí ó ti wà lórí pẹpẹ nínú oòrùn, tí iná kò sì sí, a kò mọ ohun tí ó ti dà.

ẸYIN TÍ A Ń MÚ GBÓ NÍNÚ ÀWO

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ èkejì. Ọ̀pọ̀ yín ni ó ti gbọ́ nípa IVF, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọmọ inú ìgò. Ọmọ àkọ́kọ́ tí a bí lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni Louise Brown, tí a bí ní Oldham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní July 25, 1978, nípa iṣẹ́ Robert Edwards, Patrick Steptoe àti Jean Purdy. Ní ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ni ó ṣe é ní ilé ìwòsàn LUTH ní Èkó, a sì bí ọmọ ní 1989. Nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ ní Nàìjíríà.

Nínú IVF tí a mọ̀, a ó gún obìnrin ní abẹ́rẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 12 kí ẹyin púpọ̀ lè gbó nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni a ó fa ẹyin náà jáde, a ó pa á pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkọ nínú àwo, a ó sì gbé èyí tí ó bá di ọlẹ̀ padà sínú ilé ọmọ.

Ti gbígbó nínú àwo, tí àwọn dókítà ń pè ní IVM, yàtọ̀ díẹ̀. A kò ní dúró kí ẹyin gbó nínú ara. A ó fà á jáde nígbà tí àpò rẹ̀ ṣì kéré, láìgún abẹ́rẹ́ tàbí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ọjọ́ díẹ̀. A ó wá gbé e sínú omi pàtàkì nínú àwo, níbi tí ooru rẹ̀ bá ti ara mu, fún nǹkan bí wákàtí 24 sí 48. Èyí tí ó bá gbó nínú wọn ni a ó fi àtọ̀ sí.

Ẹ̀yin ìyá wa mọ ohun tí ó jọ èyí. Bí a bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tútù, a lè kó o sínú ìkòkò kí a dé e, yóò sì pọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà bá ti kéré jù nígbà tí a gé e, bí a dé e títí, kò ní pọ́n, rírà ni yóò rà. Bákan náà ni ẹyin. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò gbó nínú àwo, kì í sì í ṣe gbogbo èyí tí ó gbó ni yóò di ọmọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1935, Gregory Pincus àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Enzmann ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá yọ ẹyin ehoro kúrò nínú àpò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ní 1965, Robert Edwards fi hàn pé ti ènìyàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1991, Dókítà Kwang-Yul Cha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kòríà kéde pé obìnrin kan ti bímọ nípa ẹyin tí a mú gbó nínú àwo, ẹyin tí obìnrin mìíràn fi tọrẹ. Ní 1994, Alan Trounson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà lò ó fún àwọn obìnrin tí ó ní PCOS.

PCOS yìí ni àìsàn tí àpò kéékèèké máa ń kún ilé ẹyin, tí nǹkan oṣù kì í wá déédéé, tí irun sì lè máa hù lágbọ̀n obìnrin. Bí a bá gún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tí ń jí ẹyin, ilé ẹyin rẹ̀ lè dáhùn ju bí ó ti yẹ lọ. Yóò wú, omi yóò sì máa jò sínú ikùn. Ewu gidi ni èyí. Ó lè pani. Àwọn bẹ́ẹ̀ ni IVM wúlò fún jù lọ, nítorí pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ó tún wúlò fún obìnrin tí ó ní jẹjẹrẹ tí kò lè dúró gba abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ kí ìtọ́jú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Ní ìlú Ho Chi Minh ní Vietnam, a fi ọ̀nà méjèèjì wé ara lára obìnrin 546 tí àpò ẹyin wọn pọ̀, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2020. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbé ọlẹ̀ padà sínú ilé ọmọ, nǹkan bí 35 nínú 100 ni ó bímọ nípa IVM, nígbà tí nǹkan bí 43 nínú 100 bímọ nípa IVF. Nítorí náà IVM kò ju IVF lọ ní ti ọmọ bíbí. Ewu abẹ́rẹ́ ni ó fi dín.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé? Àwọn olùwádìí kan ní Ṣáínà kéde ní 2019 pé nígbà tí wọ́n fi họ́mọ́ònù ìdàgbàsókè sínú omi àwo náà, ẹyin tí ó gbó pọ̀ sí i. Ìròyìn rere ni, ṣùgbọ́n gbígbó ẹyin nínú àwo kì í ṣe ọmọ lọ́wọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gba owó yín bí ẹni pé oògùn tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni.

IBI TÍ Ó YẸ KÍ A TI BẸ̀RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ tọkọtaya wa. Ká ní wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, ọkọ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, abẹ́rẹ́ ìdàgbàsókè ni a bá wá.” Nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn pé, “Ẹ kú ìrìn o, sà. Ta ni ó sọ fún yín pé ẹyin ni kò dàgbà? Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe àyẹ̀wò?” Bí ọkọ bá ní, “Èmi kẹ̀? Ara mi le, mà,” yóò fi sùúrù sọ fún un pé agbára ọkùnrin lórí ibùsùn yàtọ̀ sí kí àtọ̀ rẹ̀ dára. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn ilé tí ọmọ ti pẹ́ dé, ọ̀rọ̀ náà kan ọkùnrin, yálà òun nìkan tàbí òun àti ìyàwó rẹ̀.

Àyẹ̀wò tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe nìwọ̀nyí:

1. Àyẹ̀wò àtọ̀ ọkọ. Kò nira, kò sì wọ́n tó ohun mìíràn. Kí ọkọ yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7 ṣáájú rẹ̀.

2. Ṣé ẹyin ń jáde? Bí nǹkan oṣù bá ń wá déédéé láàárín ọjọ́ 21 sí 35, ó ṣeé ṣe kí ẹyin máa jáde. Bí ó bá ń wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, ìdí wà tí a fi ní láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

3. Ṣé ojú ọ̀nà ẹyin là? Ní ilẹ̀ Áfíríkà, àrùn bí àtọ̀sí tí a kò tọ́jú, tàbí oyún tí a ṣẹ́ níbi tí kò mọ́, ni ó sábà máa ń dí i. Fọ́tò pàtàkì ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

4. Báwo ni ilé ọmọ ṣe rí? A ó fi ẹ̀rọ wò ó bóyá ìju tàbí ohun mìíràn wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo bí ìwọ̀nyí ti ṣe pàtàkì tó. Bí ó bá jẹ́ pé àtọ̀ ni kò pọ̀, abẹ́rẹ́ ìdàgbàsókè tí a gún ìyàwó kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà ẹyin ni ó dí, ẹyin tí ó dàgbà kò ní rí ọ̀nà kọjá. Bí ó bá sì jẹ́ PCOS, oògùn oníhóró tí a ń pè ní letrozole ni àwọn dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ lò láti mú ẹyin jáde, a sì máa ń gba ẹni tí ó sanra jù níyànjú pé kí ó dín ara kù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti ti ipa bẹ́ẹ̀ lóyún láìta ilẹ̀, láìta ilé.

Bí obìnrin kò bá tíì pé ọdún 35, tí òun àti ọkọ rẹ̀ sì ti wà pọ̀ fún ọdún kan láìlo ohun ìdènà oyún, kí àwọn méjèèjì lọ rí dókítà. Bí ó bá ti pé 35, oṣù 6 ti tó. Bí nǹkan oṣù kì í bá wá déédéé, kí wọ́n má dúró rárá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ńlá kò jìnnà sí yín. Èyí tí àwọn Baptist dá sílẹ̀ ní 1907 ni ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen, ti Yunifásítì LAUTECH náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ìlú yín. Bí ó bá gba ìmọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò kọ̀wé fún yín lọ sí UCH ní Ìbàdàn.

BÍ A BÁ NÍ IVF NI Ó KÙ

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé IVF ni ọ̀nà, ẹ mú ìwé àti gègé lọ́wọ́, kí ẹ sì béèrè ìwọ̀nyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀:

Nínú àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn bá tèmi dọ́gba, mélòó nínú 100 ni ó gbé ọmọ lọ sílé? Kì í ṣe mélòó ni ó lóyún o.

Eélòó ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, pẹ̀lú oògùn, àyẹ̀wò àti àwọn ọlẹ̀ tí a ó tọ́jú pamọ́ sínú yìnyín?

Bí ẹ bá fẹ́ fún mi ní họ́mọ́ònù ìdàgbàsókè, kí ni ìdí rẹ̀? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá yọ ọ́ kúrò? Ṣé nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀?

Bí ẹ bá ní IVM ni ẹ ó ṣe, ẹ̀yin mélòó ni ẹ ti ṣe é fún?

Dókítà rere kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òun fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ yóò dé, ẹ sá fún un.

Obìnrin tí ó bá sì ń gba abẹ́rẹ́ ẹyin, bí ikùn rẹ̀ bá ń wú kíákíá, tí ó ń bì, tí ó ń mí gúlegúle, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dín kù, kí ó má dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ, ìbáà jẹ́ òru.

ÌDÁHÙN WA

Ṣé kí ọkọ ta ilẹ̀? A ní kí ó má tíì tà á. Kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n sì mọ orúkọ ohun tí ń ṣe wọ́n. Ilẹ̀ tí a tà nítorí àfẹnusọ ọ̀rẹ́ kì í padà. Ọdún tí a fi oògùn tí kò kan ọ̀rọ̀ wa ṣòfò, òun náà kì í padà, ẹyin kò sì dúró de ẹnìkan. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ti fi ìwé hàn wọ́n pé ìtọ́jú báyìí ni, tí wọ́n sì mọ iye ìrètí tí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n jókòó gbèrò bí àgbà.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ọ̀rọ̀ kan fún yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé nǹkan bí ẹnìkan nínú ènìyàn 6 ni yóò mọ ìṣòro yìí lára nígbà ayé rẹ̀. Kì í ṣe ìyàwó yín nìkan ni ó wà níbẹ̀, ó sì lè má jẹ́ ẹjọ́ rẹ̀ rárá. Bí ẹ bá pè é ní àgàn, ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ fún un lóyún. Ọgbẹ́ ni ẹ dá sí i lọ́kàn. Ẹ kúkú sọ fún ọmọ yín ọkùnrin pé, “Bá ìyàwó rẹ lọ sí ilé ìwòsàn.” Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le.